Ọwọ́ Wo Ni?

Ó ń fẹ̀ sí i — àbí ojú mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ìlà dúdú yẹn, láàárín ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Bí òwú ló rí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ lé ikùn rẹ̀. Ní báyìí ó ti ń dà bí okùn bàtà... Bóyá mo tẹ̀ ẹ́ jù ni. Bóyá ọwọ́ mi ló yẹ̀. Tún un gbé kalẹ̀, Flavienne. Rọra. Má tan ara rẹ, o mọ ohun tí dúdú yìí jẹ́. Lójú ẹ̀rọ eko yìí, tó ń fi ìró wo inú ara, ẹ̀jẹ̀ kì í pọ́n, dúdú ló máa ń dú bí omi ìsàlẹ̀ kànga. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ni. Ẹ̀jẹ̀ Morẹ́nikẹ́ ń dà sínú Morẹ́nikẹ́, èmi sì jókòó tì í, mò ń wò ó.

Màá pa Basile.

Mo ti sọ ọ́. Kì í ṣe inú mi nìkan ni mo ti sọ ọ́, mo sọ ọ́ síta, lẹ́nu ọ̀nà yàrá yìí gan-an, nígbà tí Fòfó gbé Morẹ́nikẹ́ wọlé láàárọ̀. Fòfó Wilfried, ẹ̀gbọ́n wa, àkọ́bí bàbá wa. Wọ́n gbé e sọ́wọ́ bí ọmọ tuntun, ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ ti kún gbogbo àyà ẹ̀wù wọn. "Basile ni," ni Fòfó wí. "Ilé Basile ni mo ti lọ gbé e, ní Onigbolo. Ọkọ rẹ̀ ti pa á tán." Mi ò bèèrè nǹkan kan. Kí ni mo fẹ́ bèèrè? Ta ló máa ń na Morẹ́nikẹ́ bí kì í bá ṣe Basile? Mo di Fòfó lẹ́wù mú, mo ní bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin — bí bàbá kan náà bá bí wa — ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Basile rí ọ̀la. Fòfó wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé o gbọ́ ohun tó o sọ yẹn?" Mo ní mo gbọ́. Fòfó bá jáde.

Fòfó àti àwọn èrò ti mú Basile dé báyìí. Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ọgbà ilé ìwòsàn ni, níbi tí àwọn zémìjàn máa ń jókòó sórí alùpùpù wọn de èrò. Fèrèsé yìí ò pa dé dáadáa, gbogbo ariwo ló ń wọlé. Mò ń gbọ́ igi lára èèyàn. Ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbọn eruku lára ẹní. Ó dùn mọ́ mi. Kí n má purọ́, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi: ó dùn mọ́ mi. Gbogbo ìgbà tí igi bá dún ni mò ń retí èyí tó kàn.

Chancelle, nọ́ọ̀sì kékeré wa, sáré wọlé lẹ́ẹ̀kan. "Tantí, wọ́n ti dè é mọ́ igi o! Wọ́n ti rán ẹnì kan lọ ra kpayo wá!" Kpayo, bẹntiróòlù inú ìgò tó ń ti Nàìjíríà wọlé, èyí tí wọ́n ń tò sórí tábìlì létí gbogbo ọ̀nà Pobè. Chancelle ní dókítà ti pe ọlọ́pàá, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Mo ní kó padà lọ ran dókítà lọ́wọ́. Kpayo... Kì í ṣe inú alùpùpù ni wọ́n fẹ́ rọ ọ́ sí.

Kí wọ́n rọ ọ́.

Ojú ẹ̀rọ, Flavienne. Ojú ẹ̀rọ ni kó o máa wò. Mí, Morẹ́nikẹ́. Mí sínú fún mi... dá a dúró... ó ti tú u. Kò lè dá a dúró, ìhà ń dùn ún. Ìlà náà mì, ó fà, ó tún padà. Mi ò mọ̀. Mi ò lè sọ. Kó má di pé mo pariwo lásán, kó má sì di pé mo pariwo nígbà tí kò sí ohun tó kù láti pariwo lé lórí.

Dókítà Parfait ti ń fọ ọwọ́. Ó sọ ọ́ fún mi kedere, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Ẹ̀dọ̀ ló ya, ó ní. Bí ìlà yẹn bá dúró bó ṣe wà, a ò ní fi ọ̀bẹ kàn án. Ẹ̀dọ̀ tó ya díẹ̀ máa ń dì fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Sakété máa gbé e lọ ilé ìwòsàn ńlá ní Àjàṣẹ́, kí skáńà wò ó dáadáa. Àmọ́ bó bá fẹ̀, kí n pè é, ó máa la inú rẹ̀ níbí, lójú ẹsẹ̀. "Madame Flavienne, ojú yín ni mo gbé e lé." Ojú mi. Ojú tí omi kún inú rẹ̀ yìí.

Skáńà... Ẹ̀rọ tó ń rẹ́ èèyàn wò bí búrẹ́dì láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ká ní ó wà ní Pobè níbí, à bá ti rí ibi tó ya àti bó ṣe jìn tó. Kò sí. Rádíò ló wà, eko ló wà, oníkálukú sì ní ibi tí ojú rẹ̀ mọ. Rádíò — kì í ṣe èyí tó ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì, rádíò tó ń ya eegun — kò mọ̀ ju eegun lọ. Ó máa ń gba inú ẹran ara kọjá bí ẹni gba inú kùrukùru. Eko mọ omi. Yóò sọ fún èèyàn pé ẹ̀jẹ̀ wà, àmọ́ kí a bi í pé ibo ló ti ń jò, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ti ń bá àwọn ẹ̀rọ yìí gbé tipẹ́, mi ò tíì rí èyí tó ń ya àwòrán ọwọ́ tó lu èèyàn. Ọgbẹ́ ni gbogbo wọn ń yà.

Bí a bá là á, kí ẹ̀jẹ̀ tó ti fẹ́ dì wá tún tú... Bí a ò bá là á, kó kú sójú ọ̀nà, ní ìtòsí Sakété, nínú ọkọ̀ tó ń fò lórí kòtò, èmi ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí mo di ìgò omi mú... Basile, o rí ohun tó o kó lé mi lọ́wọ́? O rí i?

Mo mọ eegun, Basile. Iṣẹ́ mi ni. Mo mọ èyí tó máa ń tètè jinná, mo mọ èyí tí kì í jinná mọ́ láéláé. Ká ní wọ́n lè tú ẹ kúrò lára igi yẹn kí wọ́n gbé ẹ wá bá mi. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi. Orúnkún ni màá kọ́kọ́ fọ́, kó o má lè sá. Lẹ́yìn náà ọwọ́, ìka kọ̀ọ̀kan, oríkèé kọ̀ọ̀kan, màá máa pe orúkọ wọn sí ẹ létí ní Faransé bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé. Mi ò ní gún ẹ lábẹ́rẹ́ ìtura kankan. Màá dá ìhà rẹ sínú kó gún ẹ̀dọ̀fóró rẹ, kí ìwọ náà máa wá èémí bí Morẹ́nikẹ́ ṣe ń wá a yìí. Nígbà tí o bá sì ń bẹ̀ mí — nítorí o máa bẹ̀ mí — màá bi ẹ́ pé, ṣé ó bẹ̀ ẹ́? Kí lo dá a lóhùn?

Ẹ wò ó, mò ń gbọ̀n. Ìlà yẹn ń gbọ̀n nítorí pé èmi ni mò ń gbọ̀n.

Àwọn fíìmù rẹ̀ wà lára àpótí iná níwájú mi. Mi ò fẹ́ wò wọ́n. Mò ń wò wọ́n.

Èyí àkọ́kọ́, mo fi ṣòfò ni. Ọwọ́ òsì. Ó mọ́ tónítóní, eegun rẹ̀ gún régé, kò síbi tó ṣẹ́. Bí wọ́n ṣe gbé e lé tábìlì, mo bi í bí mo ṣe máa ń bi gbogbo ẹni tó bá fara pa: "Ọwọ́ wo ni?" Ètè rẹ̀ ti là, ojú kan ti pa dé, àmọ́ ó gbọ́ mi. Ó fi ojú kejì wá mi kiri títí ó fi rí mi. Ó ní: "Òsì." Mo ní ṣé ó dá ẹ lójú? Ó ní: "Òsì, Dàdá. Òsì ni." Dàdá, bó ṣe máa ń pe èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Mo gbé òsì sábẹ́ ẹ̀rọ. Mo gbé lẹ́tà tí wọ́n fi òjé ṣe lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, G, tí àwọn Faransé fi ń pe òsì, mo wọ aṣọ òjé mi, mo ya á. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà tí mo wá tú ìró tí Fòfó fi wé e ni mo rí ọ̀tún, tó wọ́, tó dà bí ẹni pé ó ní ìgúnpá méjì. Mo bú sẹ́kún. Mo tún bú u pẹ̀lú, Ọlọ́run má ṣàìforí jì mí, mo ní kí ló dé tó o fi ń pè é ní òsì nígbà tó jẹ́ ọ̀tún ló ṣẹ́? Ó kàn ń wò mí. Mo ní ìrora ló dà á lórí rú. Ẹni tí wọ́n lù bíi kíkú bíi yíyè, ibo ló ti fẹ́ mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì?

Fíìmù kejì, D, ọ̀tún. Eegun apá dá sí méjì láàárín, geere, bí igi ìdáná. Ibẹ̀ ni èèyàn fi ń gba igi tí wọ́n bá nà sí i lórí. Ó gbé apá sókè láti fi bo ojú. Ó kọjú sí ẹni tó ń lù ú, ó ń wò ó. Fíìmù ìhà nìyí — ọ̀tún náà ni, tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, bí ìgbà tí ọmọ bá fi igi wọ́ ara ọgbà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ẹ̀dọ̀, ọ̀tún ló wà. Bí ẹni pé òsì rẹ̀ ò tilẹ̀ sí níbi tí wọ́n ti ń lù ú.

Òsì náà ní tirẹ̀ o. Eegun ìhà kan wà níbẹ̀ tó ní kókó, kókó funfun tó ti jinná. Mo mọ kókó yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Basile ni. Ní ọjọ́ náà Morẹ́nikẹ́ kọ́kọ́ ní orí zémìjàn lòun ti ṣubú, mo ya á, mo rí i, mo jókòó tì í títí ó fi sọ ọ́: "A kọjú síra wa, Dàdá, ó gbá mi. Ó gbá mi níbí." Ó fọwọ́ lé e. Níbí. Òsì... Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n ti pa Basile. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Mo rò pé mo ti bọ́ aṣọ náà sọ nù. Èmi ni mo lọ kó ẹrù rẹ̀ jáde ní Onigbolo, mo wo Basile lójú, mo ní kó sún mọ́ mi kó wò ó. Kò sún mọ́ mi. Irú wọn kì í sún mọ́ ẹni tó bá dúró.

Kí ló wá tún lọ ṣe nílé rẹ̀? Kí lo lọ ṣe, Morẹ́nikẹ́? Mo gbé ẹ lọ sílé Bàbá ní Ita-Djèbou, láàárín ọ̀pẹ Bàbá. O ní o ti ń fún epo. O ní ara ti ń tù ẹ́. Wàhálà kan ṣoṣo tó o ní ni ti Fòfó, pé Fòfó fẹ́ ta ilẹ̀ ọ̀pẹ yẹn, pé o ní o ò ní í kúrò níbẹ̀, ibojì Bàbá wà níbẹ̀. O pè mí lórí fóònù: "Dàdá, Fòfó ní ọmọ obìnrin kì í sá nílé ọkọ kó wá jókòó lé ogún." Mo ní ẹ jọ sọ ọ́ ní ìtùnbí-ìnùbí, ẹ̀gbọ́n wa ni, wọn ò ní bínú dalẹ́. O wá fi ọ̀pẹ sílẹ̀, o fi epo sílẹ̀, o tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń pa ẹ́! Ká ní o ò wà lórí tábìlì yìí, èmi gan-an ni ǹ bá fọ́ ẹ létí.

Kí ni mò ń sọ? Dárí jì mí. Mí. Ṣáà máa mí.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Chancelle ti nu ojú rẹ̀, kò tíì nu ẹsẹ̀. Ilẹ̀ pupa ti gbẹ mọ́ àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Epo wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Èkùrọ́ kan há mọ́ irun rẹ̀, mo yọ ọ́, mo mú un dání... Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣì mú un dání.

Fòfó wá sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó lọ mú Basile. Wọ́n tún wá nígbà tí wọ́n mú un dé. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà: "Ṣé ó ti sọ̀rọ̀?" Mo ní kò lè sọ̀rọ̀, Fòfó, ẹnu rẹ̀ ti wú. Wọ́n mí kanlẹ̀. Bí wọ́n ṣe mí kanlẹ̀ yẹn ló pa mí lẹ́kún, mo ní ta ló tún ní irú ẹ̀gbọ́n báyìí, wọ́n sáré, wọ́n gbé e, wọ́n lọ mú ọ̀tá wá, wọn ò jókòó, wọn ò mu omi. Mo tilẹ̀ ní kí Fòfó jẹ́ kí n wo ọwọ́ wọn, nítorí mo rí i pé wọ́n ki ọwọ́ kan bọ àpò ṣòkòtò, wọn ò yọ ọ́. Wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan, alùpùpù ló jó àwọn.

Àwọn èrò tún ti bẹ̀rẹ̀ níta. Ariwo yìí yàtọ̀. Igi ò dún mọ́, igbe ni gbogbo wọn ń ké. Kí ni wọ́n ń wí? ... Ọwọ́. Wọ́n ń bi í ní ọwọ́. "Ọwọ́ wo ni? Ọwọ́ wo lo fi nà án?" Wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ gé ọwọ́ náà kí wọ́n tó da kpayo lé e. Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n gé e kó máa wò ó. Mo lè rí i bí mo bá na ọrùn díẹ̀, láìgbé ẹ̀rọ kúrò. Mo fẹ́ rí i.

Mo rí i.

Ó funfun. Basile funfun láti orí dé ẹsẹ̀, irun, ìpéǹpéjú, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló kún fún eruku sìmẹ́ńtì, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn nìkan ló dúdú. Ibi iṣẹ́, níléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì Onigbolo, ni wọ́n ti fà á. Ó ń pariwo pé òun ò mọ nǹkan kan, láti àná lòun ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n bèèrè, kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún bi í. Ọwọ́ wo ni? Ẹni kan gbá a lẹ́nu. Ó wá ń sunkún bí ọmọdé, ó na ọwọ́ kan sí wọn.

Ọ̀tún.

Ọwọ́ ọ̀tún ló nà. Ọwọ́ ọ̀tún... Ó dáa, ọ̀tún ni, ọ̀tún ni gbogbo èèyàn fi ń... Dúró. Dúró ná, Flavienne. Bí èèyàn bá kọjú sí mi, tó fi ọ̀tún gbá mi, ibo ló ń bà? Òsì mi. Òsì, níbi tí kókó yẹn wà. "Ó gbá mi níbí." Òsì ni ọwọ́ Basile máa ń bà.

Bóyá ẹ̀yìn ló ti lù ú lọ́tẹ̀ yìí. Rárá. Apá tó gbé sókè ńkọ́? A kì í gbé apá sókè fún ẹni tó wà lẹ́yìn ẹni. Ó kọjú sí i. Ó ń wò ó. Ọ̀tún rẹ̀ ló ṣẹ́, ìhà ọ̀tún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ẹ̀dọ̀... Ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, òsì ló lò.

Òsì, Dàdá. Òsì ni.

Olúwa mi ò.

Mo bi í pé ọwọ́ wo ni. Mo bi í bí mo ṣe máa ń bi wọ́n, mo ti bi ẹgbẹ̀rún èèyàn bẹ́ẹ̀, èyí tó ń dùn wọ́n ni mo máa ń bèèrè, wọ́n sì máa ń mọ̀. Òun kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó rò pé mo ti mọ̀. Ó rò pé mò ń bèèrè ọwọ́ tó lù ú. Ó dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ẹnu tó ti fọ́, mo sì bú u. Mo ya ọwọ́ tí kò ṣe nǹkan kan, mo gbé G lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Eruku sìmẹ́ńtì tó bo gbogbo Onigbolo ńkọ́? Kò sí lára Morẹ́nikẹ́. Kò sí ẹyọ kan. Ilẹ̀ pupa ni. Epo ni. Èkùrọ́ ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Kò dé Onigbolo. Ìdí ọ̀pẹ Bàbá ni wọ́n ti lù ú, ní Ita-Djèbou. Kò padà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kò kúrò níbẹ̀, bó ṣe sọ pé òun ò ní í kúrò.

Ta ló ń lo òsì?

Kò sẹ́ni tó ń lo òsì nílé wa. Bàbá ò gbà á. Mo rí okùn náà báyìí, okùn ìko, Bàbá fi de ọwọ́ òsì ọmọ náà mọ́ ìbàdí kí wọ́n tó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Bí ó bá gbàgbé tó fi òsì gba nǹkan, pàṣán. Bí ó bá fi òsì kí àgbà, pàṣán. Bàbá á máa sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń nà án: a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Títí ọwọ́ náà fi lọ sùn. Ó ń fi ọ̀tún jẹun, ó ń fi ọ̀tún ro oko, ó ń fi ọ̀tún bọ èèyàn lọ́wọ́, gbogbo ayé gbàgbé, èmi náà gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo rí i tí ọwọ́ náà jí. Ajá aládùúgbò wa gé ọmọ náà jẹ. Ó mú ọmọ odó, ó lu ajá náà títí ó fi di nǹkan tí a ò lè pè ní ajá mọ́. Òsì ló fi lù ú. Lẹ́yìn náà ó jókòó ti òkú ajá, ó ń sunkún, ó ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀.

Fòfó.

Ó ki ọwọ́ bọ àpò. Ọwọ́ wo ni? ... Òsì ló wà nínú àpò. Òsì ni.

Ó. Mo ti ń pè é ní ó. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, mi ò pè é ní ó rí.

Ọ̀nà wo ló gbé e gbà? Ó gbé e láti Ita-Djèbou kọjá Sakété, ó gbé e kọjá gbogbo ilé ìwòsàn tó wà níbẹ̀, ó gbé e wá bá mi. Bóyá ó sunkún lójú ọ̀nà. Mo mọ̀ ọ́n, ó máa ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Bóyá ohun tó fẹ́ sọ kọ́ ni Basile, bóyá orúkọ yẹn kàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó rí ojú mi... Ó wò mí. "Ṣé o gbọ́ ohun tó o sọ yẹn?" Mo ní mo gbọ́. Èmi ni mo rán an. Mo di í lẹ́wù mú, mo ní bàbá kan náà ló bí wa. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ẹ̀wù tí mo dì mú yẹn, mo rò pé ibi tó ti gbé e ló ti kó o.

Bí ikú ilé ò bá pa ni...

Wọ́n ti gbé ìgò dé. Mò ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ibí, kpayo, ó gba ojú fèrèsé wọlé. Bí mo bá dákẹ́? Mo lè dákẹ́. Basile ni kókó ìhà yẹn, ta ló sọ pé kò lẹ́ṣẹ̀? Kó jó. Kó jó fún ti àtẹ̀yìnwá. Kí ọ̀rọ̀ náà sì jó pẹ̀lú rẹ̀, kí n ṣì ní ẹ̀gbọ́n, kí ilé Bàbá má tú... Ìgbà tí Morẹ́nikẹ́ bá sì jí ńkọ́? Bí kò bá jí ńkọ́? Fòfó á sin ín, á dúró níwájú òkú rẹ̀, á da yẹ̀pẹ̀ sí i. Ọwọ́ ọ̀tún ló máa fi da yẹ̀pẹ̀ náà. Gbogbo èèyàn á ní ẹ wo ẹ̀gbọ́n rere. Mo fẹ́ pa á. Mo ṣì fẹ́ pa èèyàn, ìyẹn ò yí padà, orúkọ nìkan ló yí. Mo fẹ́ gbé àpótí iná yìí fọ́ mọ́ ọn lórí. Mo fẹ́ kí Bàbá jí, kí wọ́n wá tún ọwọ́ yẹn dè.

Ìlà yẹn — Olúwa! Ó ti fẹ̀. Kì í ṣe ojú mi, kì í ṣe ọwọ́ mi, ọwọ́ mi ò gbọ̀n mọ́, ó dúró gbọn-in. Ó ti tó ìka. Ó ti yí ẹ̀dọ̀ ká. Àjàṣẹ́ ti jìnnà jù. Mo ti tẹ aago. Dókítà Parfait dáhùn láti yàrá kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń dún bọ̀.

Morẹ́nikẹ́ ń wò mí. Ojú kan ṣoṣo yẹn. Láti àárọ̀ ló ti ń wò mí bẹ́ẹ̀, mo pè é ní ìrora.

Mo ti gbọ́, àbúrò mi. Mo ti gbọ́ ẹ.

Ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ti dókítà, ti dókítà ṣí sílẹ̀. Èyí tó kọjú sí ìta ni, èyí tó kọjú sí igi máńgòrò. Ó rọra ń kàn án, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Mo mọ ohun tó máa sọ. Kò bi mí rí láti àárọ̀ bóyá Morẹ́nikẹ́ yóò yè. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wá, kò bi mí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ló ń gbé bọ̀, ó sì ti ń sọ ọ́ báyìí, láti ẹ̀yìn pákó, jẹ́jẹ́:

"Flavienne, ṣé ó ti sọ̀rọ̀?"

Ó ti sọ̀rọ̀, Wilfried. Mo bi í pé ọwọ́ wo ni, ó sì ti dá mi lóhùn láti àárọ̀.